Ìdọ̀bálẹ̀ Kejì

Fìlà ni Àdùfẹ́ kọ́kọ́ rí kí ó tó rí ẹni tí ó ni ín. Afẹ́fẹ́ Ṣikágò já a gbà lórí olúwa rẹ̀, ó sì ń yí i lọ lórí pèpéle ibùdókọ̀ Howard bí adìẹ tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ pa á. Ojú irin ni ó ń sáré lọ. Àdùfẹ́ na ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbàgà.

Ìgbà náà ni onífìlà yọ. Ọkùnrin gíga ni, ó dúdú bí kóró iṣin, apá kóòtù rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́, yìnyín sì ti fún un ní irùngbọ̀n funfun. Ó wo fìlà, ó wo bàtà tí ó wà lórí fìlà, ó wo ìbòrí àdìrẹ tí ó yọ lábẹ́ kóòtù obìnrin náà.

"Háà, arábìnrin," ó fi Yorùbá sọ ọ́, "fìlà ọmọ ọlọ́mọ lẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí? Nílé wa, ẹjọ́ ààfin nìyẹn."

"Èwo lẹ fẹ́, kí n tẹ̀ ẹ́, àbí kí tréènì tẹ̀ ẹ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ Àdùfẹ́ lára ju kóòtù tí ó wọ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n wọ tréènì tí ń lọ sí Skokie tán ni wọ́n tó mọ̀ pé ibì kan náà ni àwọn ń lọ. Tàjùdéèn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, olùkọ́ físíìsì. Àdùfẹ́ wá láti Ìwó, ìṣirò ni tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ará Kòríà kan ni ó sì pè wọ́n, níbi tí àwọn ọmọ ti máa ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé.

"Ṣé ẹ gbọ́ Kòríà?" Àdùfẹ́ béèrè.

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kíni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu mi ti gbẹ."

Òkè ilé ìtajà oúnjẹ kan ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà, òórùn ata àti ẹ̀fọ́ kíkan sì bá wọn gun àtẹ̀gùn. Lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ènìyàn ń bọ́ bàtà, wọ́n ń wọ sílípáàsì. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn kò gba ju ìdajì ẹsẹ̀ Tàjù lọ, gìgísẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ gbalasa. Àdùfẹ́ fi ìbòrí bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Inú rẹ̀ ń dùn bí ti ọmọdé lọ́jọ́ ọdún. Kò lè ka ohun tí ó wà lára ògiri, kò gbọ́ ohun tí àwọn òbí ń sọ, síbẹ̀ àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, wọ́n sì ń tẹrí ba kí wọ́n tó kọjá. Ibi tí ó rò pé òun yóò ti jẹ́ àlejò jù lọ ni ó ti rí ìwà ilé.

Súyọ́n, obìnrin tí ó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ náà, mú wọn lọ bá bàbá rẹ̀ tí ó dá a sílẹ̀. Bàbá Namgung kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Àgbà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jókòó tààrà lórí àga rẹ̀. Àdùfẹ́ kúnlẹ̀. Tàjù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà kanlẹ̀.

Ojú bàbá náà mọ́lẹ̀ kedere. Ó sọ̀rọ̀, Súyọ́n sì ń túmọ̀: "Bàbá ní àwọn ọmọ-ọmọ àwọn pàápàá kì í forí balẹ̀ fún àwọn báyìí mọ́. Wọ́n ní kí ẹ̀yin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó bá di ìparí oṣù, a ó mọ ẹni tí yóò dúró."

Ayọ̀ gun Tàjù. Kí ni ọmọ Yorùbá ń ṣe bí àgbà bá ṣe é lóore? Ó tún dọ̀bálẹ̀.

Ojú bàbá Namgung ṣú. Ó dìde, ó sì jáde.

"Kí ni mo ṣe?" Tàjù ṣì wà nílẹ̀.

Súyọ́n mí kanlẹ̀. "Ẹ ò mọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan la máa ń forí balẹ̀ fún alààyè. Òkú là ń ṣe é fún lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi kú nígbà tí ewé ń wọ́, a kò sì tíì ṣe ọdún rẹ̀."

Nínú tréènì, Tàjù di orí mú. "Mo máa lọ bẹ̀ wọ́n lọ́la."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ bẹ̀ wọ́n?"

"Mo máa dọ̀bá…"

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta? Ṣé ẹ fẹ́ sin wọ́n ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí ẹni tí ó jókòó níwájú fi bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú. Bí wọn kò bá gba Tàjù síṣẹ́, ìwé tí ó fi wọ ìlú kò níṣẹ́ mọ́, Ìsẹ́yìn ni yóò padà sí.

Bàbá Namgung kò bá Tàjù sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá gba ọ̀ọ̀dẹ̀ yìí, bàbá a gba èkejì. Àmọ́ iṣẹ́ ń lọ. Tàjù so okùn mọ́ ìgò omi, ó ń fì í bí agogo, àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀. Lójúmọ́, òun àti Àdùfẹ́ jọ ń lọ, wọ́n jọ ń bọ̀. Ó kọ́ ọ bí a ti ń rìn lórí yìnyín: "Bíi pẹ́pẹ́yẹ, Àdùfẹ́ mi. Má ṣe yangàn." Àdùfẹ́ náà a máa gbé mọ́ínmọ́ín wá fún un. "Ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sí ẹni tí ó rántí ọjọ́ tí ó yí padà.

"Bí wọ́n bá dá mi padà," Tàjù sọ lọ́jọ́ kan, "ta ni yóò máa tẹ fìlà mi mọ́lẹ̀?"

"Má sọ ọ́ mọ́," ni Àdùfẹ́ dáhùn. Ó yíjú sí fèrèsé.

Alhaji Abdussalam, àbúrò bàbá Àdùfẹ́ tí ó gbà á sílé ní Hazel Crest, kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nọ́ọ̀sì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. "Ọmọ náà mọ̀wọ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ fi ọ́ lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó lè wọ bàálù padà sílé lọ́la, ṣé òun ni kí n fi ọ́ fún? Jẹ́ kí jọ́ọ̀bù rẹ̀ dúró ná."

Sátidé tí bàbá Namgung yóò sọ ìpinnu rẹ̀ pé. Nígbà ìsinmi, ìyá àgbà Àdùfẹ́ pè é lórí fóònù láti Ìwó, ojú rẹ̀ kún gíláàsì, ó ń mu ọsàn. Àdùfẹ́ gbé fóònù sórí fèrèsé, ó kúnlẹ̀.

"Wà á ṣoríire níbẹ̀."

"Àmín, ìyá." Ó tún kúnlẹ̀.

"Ojú ò ní tì ọ́."

"Àmín o." Ó tún kúnlẹ̀.

Kò mọ̀ pé bàbá Namgung àti Súyọ́n dúró lẹ́yìn òun. Bàbá náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìkúnlẹ̀ rẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bàbá ní kí n bá ọ kẹ́dùn," ni Súyọ́n wí. "Ìgbà wo ni ìyá náà kú?"

"Kú kẹ̀? Ìyá mi ò kú o!"

"Ta ló ní mo kú?" Ohùn ìyá àgbà la ọ̀ọ̀dẹ̀ já. "Gbé mi sún mọ́ ọn kó rí eyín mi!"

Ariwo náà mú Tàjù jáde láti kíláàsì. Ó rí ojú àgbà lórí fóònù, ara rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ta ni géńdé yìí?"

Àdùfẹ́ sún mọ́ fóònù. "Tàjùdéèn ni, ìyá. Òun ni mo fẹ́ fẹ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Tàjù tún dọ̀bálẹ̀. Ìyá tún ṣàdúrà, òun náà tún lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti rántí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn òun. Ó le gbagidi sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àdùfẹ́ kọjú sí bàbá náà. "Bàbá, àwa kì í dọ̀bálẹ̀ fún òkú rárá. Òró la máa ń kírun sí òkú lára, ẹnikẹ́ni kì í tẹrí ba. Alààyè là ń dọ̀bálẹ̀ fún. Bí a bá ṣe ń tún un ṣe tó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fẹ́ kí ó pẹ́ fún wa tó."

Súyọ́n túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá náà wo ìyá arúgbó tí omi ọsàn wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó gbójú kúrò. Ẹni tí ikú mú aya rẹ̀ lọ, ilé a máa tóbi jù fún un, ọ̀rọ̀ a sì máa pẹ́ kí ó tó jáde. Ó tẹrí ba fún ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kan. Ó tọ́ka sí gìgísẹ̀ Tàjù, ó sọ̀rọ̀, ó lọ.

Omi wà lójú Súyọ́n. "Wọ́n ní sílípáàsì yìí kéré fún olùkọ́ tó máa pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kí n lọ ra èyí tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀."

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, wọ́n so yìgì nínú pálọ̀ Alhaji ní Hazel Crest. Bàbá Namgung wá pẹ̀lú kóòtù dúdú, ó sì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo àlejò bá bọ́ tiwọn. Tàjù dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji. "Mi ò tíì rí ọ dáadáa!" ni Alhaji wí. Ó tún un ṣe. "Ṣé ibi tí àyà rẹ mọ nìyẹn?" Ó tún un ṣe. Bàbá Namgung ń ka á lórí ìka, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Ó wá kan bàbá Namgung. Tàjù dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó dúró, ó sì ń wo ilẹ̀.

Bàbá náà dúró dè é. Kò rí nǹkan kan. Ó wo Àdùfẹ́, ẹni tí ó ti kọ́ ọ ní Yorùbá díẹ̀, ó sì gbé ìka kan sókè.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ó wí.

Tàjù fi àyà lélẹ̀. Àdùfẹ́ kò dúró kí a pè é. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀.