Ibi Tí Ìyàwó Odò Ń Sàba

"Rọra mí," àǹtí rẹ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Wò ó, ó ti jókòó."

Olójú-Ẹyẹ fi àyà lélẹ̀ lórí ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹtí, ó sì yọjú láàárín àwọn ìféèfé gíga tó wà létí odò. Ẹyẹ kan ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, aláyà funfun, ń sàba lé ẹyin mẹ́ta. Ìyàwó Odò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ó máa ń rọra gbẹ́sẹ̀ nínú omi bí ìyàwó tí kò fẹ́ kí aṣọ òun tutù.

Ààtàn ni odò yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí afárá kọjá, imú ló máa kọ́kọ́ dì. Ìgbà tí ìlú kó ìdọ̀tí ibẹ̀ kúrò, tí wọ́n gbin igi àti ìféèfé, tí wọ́n sì la ọ̀nà ẹsẹ̀ sí etí omi, ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà jíjìn wá láti rìn níbẹ̀, kí wọ́n sì wo ẹyẹ. Àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbé wá di ilé àlejò. Àǹtí, tó jẹ́ àbúrò bàbá ọmọ náà, ni olórí àwọn tó ń tọ́jú ọgbà etí odò. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló sì ń mú àlejò kiri ní Sátidé. Òfin wọn ò pọ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tí kò gba àwàdà: wọn kì í mú ẹnikẹ́ni dé ibi tí ẹyẹ bá ti ń sàba. Okùn pupa ni wọ́n máa ń ta sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, kò sì ní kúrò títí àwọn ọmọ ẹyẹ á fi fò.

"Látìgbà tí a ti tún odò yìí ṣe, ẹyin àkọ́kọ́ tí Ìyàwó Odò máa yé síbí nìyí," àǹtí wí. "Bí wọ́n bá dẹ́rù bà á, ó lọ nìyẹn. Ìwọ nìkan ni mo fi hàn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí." Orí ọmọ náà wú.

Ó ní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Gbajúmọ̀, tí òun náà ń mú àlejò kiri. Ibi tí èrò bá wà ni ti Gbajúmọ̀. Bó bá húkọ́ pàápàá, ó máa ń fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun.

"O ń fi nǹkan pamọ́ fún mi," Gbajúmọ̀ wí bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. "Kí ló wà lẹ́yìn okùn yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ó dáa. Èmi tí mo sọ fún ẹ nígbà tí bàbá mi kó kúrò nílé, tí mi ò sọ fún ẹlòmíì. Àṣé ọ̀rẹ́ apá kan ni tiwa."

Ọ̀rọ̀ náà gún Olójú-Ẹyẹ lọ́kàn. Kò gbàgbé ohun tí àǹtí sọ o. Ó kàn rò ó pé ẹnì kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ló lè bàjẹ́? Gbajúmọ̀ fúnra rẹ̀ ló tún fọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Mi ò ní sọ fẹ́nì kankan, mo ṣèlérí. Gba fóònù mi dání, kó o lè mọ̀ pé mi ò ní ya fọ́tò."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn kọjá. Gbajúmọ̀ wo ẹyẹ náà títí, omi tilẹ̀ lé sí i lójú. Ta ló máa rí irú ojú bẹ́ẹ̀ tí kò ní gbà á gbọ́?

Ní Sátidé, Olójú-Ẹyẹ ń kó àwọn àlejò tirẹ̀ gun afárá nígbà tó gbọ́ àtẹ́wọ́ láti ìhà ibi ìféèfé. Ó wòkè, ọkàn rẹ̀ já. Èrò ti tẹ ìféèfé mọ́lẹ̀, wọ́n gbé fóònù sókè, Gbajúmọ̀ sì dúró láàárín wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń polówó ọjà.

"Èmi nìkan ni mo mọ ibí yìí o!"

Ìyàwó Odò fò sókè, ó ké, ó yí ibẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba orí òrùlé àwọn ilé lọ.

Olójú-Ẹyẹ sáré débẹ̀. "Kí lo ṣe yìí? O ṣèlérí fún mi!"

Gbajúmọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò rẹ̀. "Mo ní mi ò ní ya fọ́tò," ó wí. "Ṣé o rí fóònù lọ́wọ́ mi ni?"

Wọ́n dúró de ẹyẹ náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò padà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹyin náà ti tutù. Àǹtí kó gbogbo ọmọ tó ń mú àlejò kiri jọ sábẹ́ igi, wọ́n sì béèrè ẹni tó gba abẹ́ okùn kọjá. Gbajúmọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

"Ẹ má wo èmi nìkan, Àǹtí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín yìí ló mú mi débẹ̀. Ṣé ẹyẹ ló máa sọ fún mi ni?"

Gbogbo ojú yí sí Olójú-Ẹyẹ. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó fẹ́ kígbe pé irọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe irọ́. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

Àǹtí ò bú u. Wọ́n dúró títí àwọn yòókù fi lọ.

"Àǹtí, ó dà mí," ọmọ náà ń sunkún. "Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo fọkàn tán an!"

"Mo mọ̀. Ó dùn mí fún ẹ. Òun ló da ìwọ. Ta ló wá da èmi?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èmi ni, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò ní bá ẹ bínú títí. Àmọ́ ẹyẹ ò gbọ́ ‘ẹ jọ̀ọ́’."

Olójú-Ẹyẹ àti Gbajúmọ̀ ò ṣọ̀rẹ́ mọ́. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ létí odò, ó ń bomi rin igi, ó ń ṣa ọ̀rá tí àwọn èèyàn jù sílẹ̀. Àǹtí ń kí i, wọ́n sì tún ń bá a ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyàwó Odò mìíràn wá yé ẹyin síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnu àlejò kan ni Olójú-Ẹyẹ ti gbọ́ ọ, nígbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ ti fò lọ tán. Àǹtí ò sọ fún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí a tó sọ àṣírí fún ọ̀rẹ́, kí a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá tiwa ni. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́ kì í ṣe tiwa láti fi tọrọ ìfẹ́. Bí àwa tí wọ́n fún kò bá lè pa á mọ́, kí ló dé tí a fi rò pé ẹlòmíràn á bá wa pa á mọ́?