Ògbufọ̀ Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Orí òrùlé ilé wa ni mo ti kọ́kọ́ rí Kòkúmọ́. Ó fi ọwọ́ kan di ọ̀pá eríà mú, ó ń fi ìkejì nu òógùn ojú, ó sì ń kígbe sí mi nísàlẹ̀ pé, "Ṣé ó ti mọ́?"

"Kò mọ́ o!" ni mo fèsì láti ojú fèrèsé. "Ẹ tún yí i díẹ̀ sí i!"

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984 ni, ní Ìlaròó. Bàbá mi, Sàláúdéènì Bàrúwà, tó ń ra kókó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n. Ìjì kan jà, ó yí eríà padà, àwòrán tẹlifíṣọ̀n Abẹ́òkúta sì di kìkì òjò funfun. Ni Bàbá bá ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe nítòsí gáréèjì.

Kòkúmọ́ tún yí ọ̀pá náà. Lójijì, ojú ọkùnrin kan yọ, ó mọ́ gaara. Mo fò sókè. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe lanu, tó jẹ́ pé Faransé ló ń sọ. Tẹlifíṣọ̀n Kútọnu la mú.

"Kí ni kí n fi Faransé ṣe?" ni Bàbá fi ìbínú wí. "Ṣé kí n máa jókòó ti ẹni tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀ nínú ilé mi?"

Kòkúmọ́ sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ Pọ̀bẹ́ lódìkejì bọ́dà ni mí, Faransé ni mo fi kàwé. Bí ẹ bá gbà, màá máa wá túmọ̀ rẹ̀ fún yín, títí màá fi rí ọ̀pá tó gùn ju èyí lọ."

Bàbá wò ó títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe di ògbufọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó tún béèrè ọ̀pá gígùn mọ́.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ń wá. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá kí wa, Bàbá á dáhùn pé, "Ẹ káalẹ́ o, ilé ńkọ́?" kí Kòkúmọ́ tó túmọ̀ ìkíni náà rárá. Màmá mi ní tiwọn, ìbáwí ni wọ́n ń bá àwọn òṣèré wí: "Ìwọ ọmọ yìí, má wọ ilé yẹn o! Mo ti sọ fún ọ!" Èmi, ẹkún ni tèmi. Láti kékeré ni mo ti ń sunkún sí ìwé ìtàn. Tí mo bá ka ibi tó dùn mí, màá pa ìwé dé, màá lọ sẹ́yìn ilé, màá sunkún tán, màá padà wá kà á lọ. Mo gbádùn rẹ̀.

Kòkúmọ́ kò mọ Yorùbá kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun la jọ ń sọ. Mo ní màá kọ́ ọ. Ọ̀sán Sunday la máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ilé, Màmá á máa bó ẹ̀gúsí níbi tí wọ́n ti lè rí wa. Lọ́jọ́ kan, ó ka ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin kan sọ nínú ìwé: "Mo ti rí oko mi."

"Oko kọ́, ọkọ ni!"

Ó gbé ojú sókè. "Ta ni ọkọ náà, Mẹ̀dínátù?"

Màmá wúkọ́.

Ní oṣù Kẹrin, ìjọba ti bọ́dà pa. A rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Kòkúmọ́ kò lè lọ wo ìyá rẹ̀ ní Pọ̀bẹ́ mọ́. Òun nìkan ṣoṣo ló kù fún ìyá náà nínú ọmọ márùn-ún, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kòkúmọ́ nìyẹn. Mo máa ń rí i tó kọjú síbi tí oòrùn ń wọ̀, níhà Pọ̀bẹ́.

Mo fẹ́ mú inú rẹ̀ dùn. Mo lọ bá Ọ̀gá Ìbítóyè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé nílé ẹ̀kọ́ girama, mo yá ìwé lọ́wọ́ wọn, mo sì ń kọ́ èdè náà ní ìkọ̀kọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan, a ń wo eré kan. Obìnrin kan dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dókítà wọlé, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà. Ikú ló ń jẹ́.

"Ó ní oorun ló gbé e lọ," ni Kòkúmọ́ wí. "Tó bá jí, ara rẹ̀ á ti yá."

"Alihamdulilahi!" ni Màmá wí.

Nígbà tí mo sin Kòkúmọ́ dé ẹnu ọ̀nà, mo dì í lápá aṣọ mú.

"Obìnrin yẹn kú, àbí kò kú?"

Ó wolẹ̀. "Ó kú."

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ọkọ tó o ní ó padà dé?"

"Kò padà dé."

"Kí ló dé tó o ń parọ́ fún wa?"

"Nítorí tìẹ ni. Tó o bá ti fẹ́ sunkún, ètè ìsàlẹ̀ ẹ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Mi ò lè wò ó, Mẹ̀dí. Mo fẹ́ràn rẹ. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi ni ohun tó máa pa ọ́ lẹ́kún á ti jáde."

Inú bí mi, inú mi sì dùn. "Èmi ni mo ni ẹkún mi," ni mo wí. "Má gbà á lọ́wọ́ mi. Bí nǹkan bá ṣe rí ni kó o máa sọ ọ́ fún mi."

"Mo ti gbọ́, olólùfẹ́ mi. Mi ò ní tún un ṣe mọ́."

Lẹ́yìn ọdún Iléyá ni Kòkúmọ́ wá tọrọ mi lọ́wọ́ Bàbá. Bàbá kò bínú. "Mo fẹ́ràn rẹ," ni wọ́n sọ fún un. "A jọ ń kírun, a jọ ń sọ èdè kan. Àmọ́ mi ò mọ ilé yín. Ẹnì kan kì í fọmọ fún ẹni tí kò wádìí ilé rẹ̀. Tí bọ́dà bá ṣí, èmi fúnra mi màá lọ sí Pọ̀bẹ́, màá kí ìyá rẹ. Tí mo bá ti dé, ẹ máa gbé ìyàwó."

"Bàbá, ọ̀nà wà láti Ọ̀jà-Ọ̀dán. Àwọn èèyàn ń gba inú igbó kọjá."

"Kí n gba inú igbó lọ wádìí ọkọ ọmọ mi bí olè? Rárá. A máa dúró."

A dúró. Ìròyìn la wá ń wò báyìí, kì í ṣe eré. Ní alaalẹ́ ni Kòkúmọ́ ń wá, a ó sì máa retí pé kí wọ́n ní bọ́dà ti ṣí. Ọdún 1984 parí. Kókó Bàbá kò tà bíi tàtẹ̀yìnwá. Màmá ń kó abọ́ ìgbéyàwó jọ sínú àpótí díẹ̀díẹ̀. Mo wá mọ Faransé débi pé mo lè gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀. Ó sì mọ Yorùbá kà débi pé òun ni Bàbá ń gbé ìwé ìròyìn wọn fún báyìí pé kó kà á sókè, wọn kì í gbé e fún mi mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹrin ọdún 1985, ọkùnrin Kútọnu bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Nàìjíríà. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì nínú rẹ̀. Kòkúmọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà ló túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà:

"Wọ́n ní ìjọba Nàìjíríà ti pàṣẹ. Gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé gbọ́dọ̀ jáde kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n máa ṣí bọ́dà fún wọn kí wọ́n lè jáde. Lẹ́yìn náà wọ́n máa tì í padà."

"Ta ni wọ́n ń pè ní àjèjì?" ni Bàbá bi í.

"Èmi ni, Bàbá."

Màmá gbé ọwọ́ lérí. Kòkúmọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Bàbá. "Ẹ fún mi ní Mẹ̀dínátù, kí n mú un lọ. Ẹ pe lèmọ́mù lọ́la. Tí a bá dé Pọ̀bẹ́, ìyá mi á tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin."

Bàbá dìde, wọ́n tún jókòó. Mo rí i pé ó ń dùn wọ́n.

"Ọmọ mi kò ní bá ọkọ̀ àwọn tí wọ́n lé jáde wọ ilé ọkọ," ni wọ́n wí. "Fún mi ní àkókò. Bọ́dà kò ní wà ní títì títí ayé."

Kòkúmọ́ kọjú sí mi. Gbogbo wọn ló kọjú sí mi. Ká ní mo dìde lọ́jọ́ yẹn, ká ní mo sọ pé mò ń lọ, mo mọ̀ pé Bàbá á gégùn-ún lọ́jọ́ náà, á sì súre tó bá di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún ni mí, mi ò rú òfin Bàbá mi rí. Mo tẹ orí ba.

Gáréèjì kún lọ́jọ́ tó lọ. Àwọn èèyàn ru àkéte, ru ìkòkò, ru ọmọ. Kòkúmọ́ gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ apá.

"Ṣé o máa padà wá?" ni mo bi í.

"Mo fẹ́ padà wá," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá màá lè padà wá. Òótọ́ rẹ̀ nìyẹn, ayanfẹ́ mi."

Mo sunkún níwájú gbogbo èrò. Ó dúró, ó wò mí, kò sì yí ojú kúrò títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ìparí oṣù kejì ọdún 1986 ni bọ́dà ṣí. Bàbá kò jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta. Wọ́n wọ agbádá àlàárì wọn, wọ́n gbé obì àti oyin, wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí Pọ̀bẹ́. Èmi àti Màmá fọ gbogbo abọ́ inú àpótí, a sá wọn sí oòrùn.

Bàbá padà dé ní ọjọ́ kejì, nírọ̀lẹ́. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n jókòó sórí ìjókòó ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn.

"Ilé rere ni," ni wọ́n wí. "Mo wádìí délé-dóko. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí wèrè, kò sí aríjàgbá. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi. Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n fẹ́yàwó fún un, Mẹ̀dínátù. Ìyá náà ní òun bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ẹni tó ń wo ilẹ̀kùn títì kì í bímọ, òun ò sì fẹ́ kú láìgbé ọmọ rẹ̀ jó."

Mo gbọ́ bí abọ́ kan ṣe bọ́ lọ́wọ́ Màmá nínú ilé.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Òun ló gbé báàgì mi dé gáréèjì. Ó ní kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí, kí n má tún un ṣe. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń rántí rẹ. Mo ní kó má sọ ìyẹn fún mi mọ́, ó ní àfi kí n sọ ọ́." Bàbá mi, tí mi ò rí ẹkún lójú wọn rí, fi etí agbádá nu ojú. "Oṣù méjì péré, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣe é. Dárí jì mí."

Mo ní mo ti dárí jì wọ́n. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀ nínú mi lọ́jọ́ náà. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni Nàfíù, olùkọ́ kan láti Jóga-Orílé, wá tọrọ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bàbá kò béèrè ilé wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kò rán èèyàn lọ sí Jóga. Èmi ni wọ́n pè sí yàrá, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn, Bàbá sì dúró dè mí, wọn kò kán mi lójú.