Níyì Kò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ má bá mi pe Níyì ará Ìwó ní olórin. Eléèébú tó ní ohùn dídùn ni.

Òun àti Fọládé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ orin sílẹ̀. Nígbà tí ìjà dé, Níyì bá tirẹ̀ lọ, ó ń dá kọrin. Láti ìgbà náà, kò sí àwo-orin tó gbé jáde tí kò fi pa òwe mọ́ Fọládé. Èyí tó burú jù ni orin igi kan lóko Olúpọ̀nnà, tó ń rúwé ṣùgbọ́n tí kò so. Olúpọ̀nnà ni Fọládé ń gbé, òun àti Ọ̀ṣúnkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ kò sì bímọ. Ọlọ́kadà ń kọ ọ́, ọmọ iléèwé ń kọ ọ́. Bí wọ́n bá bá Níyì wí, á rẹ́rìn-ín: "Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni?"

Ọgbọ́n burúkú! Ọlọ́run tó dá etí, ṣé adití ni?

Nígbà tó yá, kókó yọ sí i lọ́fun. Dókítà ní àwọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ohùn rẹ̀ lọ. Dípò kó ronú pìwà dà, ńṣe ló ní òun fẹ́ kó gbogbo orin tí òun ti dá kọ jọ sójú kan, kí ayé má baà gbàgbé òun. Kásẹ́ẹ̀tì àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló tọ́jú ẹ̀dà wọn: Fọládé.

Ó gun ọ̀kadà dé Olúpọ̀nnà pẹ̀lú ìgbéraga. Ọ̀ṣúnkẹ́mi kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un. Fọládé, tó ti di onígbàgbọ́, fi kásẹ́ẹ̀tì kan sínú rédíò láti mọ̀ bóyá ó ṣì dára. Orin igi tí kò so ló bọ́ sí.

Ojú ti Níyì. "Kí lo wá ń tọ́jú rẹ̀ fún?"

"Àdúrà ni mo fi ń gbà fún ọ," ni Fọládé dáhùn. "Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń rántí pé ọkàn rẹ ń ṣègbé lọ."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi kò fi tirẹ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: "Bùrọ̀dá Níyì, orin yín ló lé mi kúrò lọ́jà. Mo kórìíra yín títí Jésù fi gba ìkórìíra yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ bá Ọlọ́run kí ohùn yín tó lọ."

Orin náà ń lọ, kò sẹ́ni tó pa á. Níyì gbọ́ ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún ayé, ó sì rí i pé èébú lásán ni. Ó kúnlẹ̀. "Olúwa, bí mo bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni..."

"Rárá!" Fọládé jágbe mọ́ ọn. "Dárúkọ!"

Ẹnu Níyì wúwo. Ó fi tipátipá sọ ọ́: "Fọládé. Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Mo fi àìrọ́mọbí wọn wá oúnjẹ jẹ." Ẹkún gbé e. Ó ké pe Jésù bí ẹni tí odò ń gbé lọ, ó sì rí ìdáríjì gbà níbẹ̀.

Kò kó orin kankan jọ mọ́. Iṣẹ́ abẹ gba ohùn rẹ̀ lóòótọ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, má rò pé Níyì nìkan ni mò ń bá wí. O máa ń sọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo wa. O fi ọ̀rọ̀ "gbogbo wa" bo ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo? Ta lo ṣẹ̀? Jésù ti kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà, kò sì ní sú u láti gbọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, lónìí, nígbà tí ọ̀fun rẹ ṣì là. Dárúkọ rẹ̀.