Òwú Pupa Mọ́kànlá

Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú bọ́ọ̀sì náà, ẹ̀gbẹ́ Ìyá Olówùú sì ni.

Baba Keje dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di irin mú, ó ń wo àyè náà bí ẹni tó rí ejò. Ó ní òun yóò dúró títí wọn yóò fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Awakọ̀ ní ẹnikẹ́ni kì í dúró nínú ọkọ̀ òun, pàápàá ẹni tí irun orí rẹ̀ ti funfun tó báyìí. Bí Bàbá kò bá jókòó, kò sí ẹni tó ń lọ ibì kankan. Àwọn ogójì òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó wà nínú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ ìdí rẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ náà rí?

"Ẹ jókòó, Baba Keje," ni Alága wọn wí láti iwájú. "Wọn ò ní bù yín jẹ."

"Wọ́n ti bù mí jẹ rí," ni Baba Keje dáhùn. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí obìnrin náà bí àyè ṣe gbà á mọ.

Ohun tó fa ìbínú náà nìyí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣì ń hun aṣọ, ọkùnrin yìí ló ń darí ẹ̀rọ keje; ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Obìnrin yìí ló sì ń yẹ aṣọ wò. Orí tábìlì rẹ̀ ni gbogbo aṣọ ń gbà kọjá, ibikíbi tó bá sì ti rí àléébù, yóò so òwú pupa tín-ín-rín kan mọ́ etí aṣọ náà. Òfin wọn le. Ahunṣọ tó bá gba òwú pupa méjìlá láàárín oṣù kan, ẹnu ọ̀nà ni yóò gbà jáde, kò sì ní wọlé mọ́. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ní oṣù tí wọ́n fẹ́ fi Baba Keje ṣe ọ̀gá yàrá ẹ̀rọ, Ìyá Olówùú so òwú mọ́kànlá mọ́ aṣọ rẹ̀. Wọn kò lé e, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n fi jọ̀gá.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti kí obìnrin náà mọ́. Ó máa ń sọ pé ẹni tó gbáni létí lè gbàgbé, ṣùgbọ́n etí kì í gbàgbé. Kódà lẹ́yìn tí gbogbo wọn fẹ̀yìn tì, kò lọ sí ìpàdé wọn, kò bá wọn jáde, torí pé Ìyá Olówùú ń lọ. Ọmọbìnrin Baba Keje tó jẹ́ aránṣọ ló lé e jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò yìí. Ó ní láti ọdún mẹ́rin tí ìyá òun ti kú, bí bàbá òun ṣe ń bá ògiri sọ̀rọ̀ tó, ẹ̀rù ń ba òun pé ògiri náà yóò dáhùn lọ́jọ́ kan.

Bọ́ọ̀sì gbéra. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń wí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí àwọn èèyàn yìí lọ́wọ́. Nínú yàrá tí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ti ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, ètè ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Kò ní ohùn rárá. Ètè á mì, ojú á sì gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti lo ọdún méjì níbẹ̀ lè bá ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun yàrá ṣe àwàdà. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi kún fún ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ìyá Olówùú fi ìka kan Baba Keje léjìká. Nígbà tó yíjú, ètè obìnrin náà mì. "Orúnkún ń dùn yín."

"Ti òsì nìkan ni," ni ètè Baba Keje dáhùn, kó tó rántí pé òun kì í bá a sọ̀rọ̀.

Ó yára pa ẹnu dé, inú sì bí i sí ètè ara rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yọ ìrọ̀rí kékeré kan nínú àpò rẹ̀, ó ní kó fi sábẹ́ orúnkún. Baba Keje kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn yóò fi dé etí adágún omi tí wọ́n ń lọ wò, ìrọ̀rí náà ti wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n máa ń pàdé, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán nígbà iṣẹ́. Baba Keje tó ti sọ pé òun kò ní tẹ ibẹ̀ láé wá di ẹni tó ń kọ́kọ́ dé. Ó ní dráfù ni òun ń bọ̀ wá ta. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti lè rí ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, àga tí kò mì tìtì ló sì ń fi pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Ìyá Olówùú bá wọlé, á sọ pé ẹnì kan ló gbàgbé àga síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Wọ́n rí ẹ̀rọ kan níbẹ̀ tó jọ ẹ̀rọ keje bí ìbejì, wọ́n fi okùn yí i ká. Baba Keje na ọwọ́ kọjá okùn, ó ń tún òwú tó wọ́ ṣe. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré wá, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá Olówùú rọra sọ fún un pé ọkùnrin yìí ti fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ yẹn ju bó ti fọwọ́ kan ìyàwó tó fẹ́ sílé lọ, kó fi í sílẹ̀ kó kí i. Baba Keje rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ó nífẹ̀ẹ́ obìnrin náà. Ó mọ̀ ọ́n, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n kò tíì dárí jì í. Ohun méjèèjì ń gbé inú rẹ̀ bí orogún méjì nínú yàrá kan. Ó lè máa po tíì fún un, kó fi ṣúgà méjì sí i bó ṣe fẹ́ ẹ, kó sì máa ka òwú mọ́kànlá sínú bó ṣe ń rò ó.

Ìyá Olówùú ní ọmọkùnrin kan, apòògùn ni ní ìlú tó jìnnà. Nígbà tó gbọ́ pé ọkùnrin kan ń sin ìyá òun délé lẹ́yìn ìpàdé, ó béèrè irú ẹni tó jẹ́. Ìyá rẹ̀ kò fi ohun kan pamọ́. Ọmọ náà ní ẹni tó fi ọdún méjìlélógún bínú nítorí òwú, bí iyọ̀ bá dín nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣé kò ní kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé? Ó ní ó ti tó tí ìyá òun ti ń dá gbé. Òun yóò wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara òun ní Ọjọ́bọ̀ ìpàdé tó ń bọ̀.

Ìyá Olówùú sọ ọ́ fún Baba Keje lórí bẹ́ǹṣì, nínú ọgbà òdòdó tí wọ́n jọ lọ wò lóṣù náà. Ó gbé ọwọ́ lé ìrọ̀rí kékeré rẹ̀, ó ń wo iwájú.

"Mi ò fẹ́ lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni, mi ò lè kàn sọ fún un pé mi ò lọ láìsí ìdí. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún mi, ẹ sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ dùn lọ́kàn Baba Keje, ó kún un lẹ́nu. Ṣùgbọ́n orí kunkun rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ mí nítorí òwú mọ́kànlá yẹn."

Obìnrin náà yíjú sí i. Kò bínú, ó dà bí ẹni tó rẹ̀.

"Mi ò ní bẹ̀ yín. Àléébù ni wọ́n, mo sì so wọ́n. Bí ẹ bá hun irú aṣọ yẹn lónìí, màá tún so wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: àléébù mélòó ló wà lára aṣọ yẹn?"

Baba Keje yíjú sí àwọn òdòdó.

"Mọ́kàndínlógún ni mo rí," ni Ìyá Olówùú wí. Ó dìde, ó rìn lọ síbi bọ́ọ̀sì, ó gbàgbé ìrọ̀rí rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì.

Ahunṣọ kò ní ṣe aláìmọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni. Baba Keje ti ka wọ́n fúnra rẹ̀ lóṣù náà, kò sì sọ fún ẹ̀dá alààyè kan, kódà kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Fún ọdún méjìlélógún, ó ti ń fi obìnrin náà ṣe ẹlẹ́yà nínú ọkàn rẹ̀ pé ojú tó ń yangàn fi mẹ́jọ sílẹ̀ láìrí. Àṣé ó rí wọn.

Ọsibítù ilé-iṣẹ́ ni ìyàwó Baba Keje wà lóṣù náà. Bó bá ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ dìde láàárọ̀, ìdí ẹ̀rọ ló ń lọ tààrà, pẹ̀lú ojú tí kò rí oorun. Ìdí tí aṣọ náà fi bàjẹ́ nìyẹn. Ẹbí òṣìṣẹ́ nìkan ni ọsibítù náà ń gbà. Ká ní òwú pé méjìlá, bí wọ́n ṣe ń lé ọkọ jáde ni wọn ì bá máa sọ fún ìyàwó pé kó dìde lórí ibùsùn. Ara ìyàwó náà yá, ó sì tún lo ọdún méjìdínlógún láyé.

Baba Keje sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Aránṣọ náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ilé sì dákẹ́.

"Bàbá mi," ló wí, "òwú mẹ́jọ tí wọn ò so yẹn ni mo fi rí ìyá pè títí mo fi lọ sílé ọkọ. Kí lẹ ṣì ń ṣe níbí?"

Ṣùgbọ́n ìtìjú ọlọ́rí kunkun wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Baba Keje gbé ìrọ̀rí náà dé òpópónà Ìyá Olówùú, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì yí padà. Kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni rí. Kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni Ọjọ́bọ̀ fi dé.

Gbọ̀ngàn ti kún nígbà tó wọlé. Ìyá Olówùú jókòó níwájú, ẹ̀wù rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ kò dára. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé àpò ìrìnàjò ìyá rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Alága ń sọ̀rọ̀ ìdágbére lọ. Ó ti dé ibi tó ti ń yin iṣẹ́ takuntakun wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí yóò kúrò níbẹ̀.

Kò sí àyè láti kọjá síwájú. Baba Keje dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ìrọ̀rí mọ́ àyà. Ojú òun àti ojú obìnrin náà pàdé. Ó rò pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀, bí ìfẹ́ ṣe máa ń mú kéèyàn rò, ó sì fi ètè sọ ọ́ láìní ohùn.

"Mọ́kàndínlógún ni. Ìwọ lo jàre. O ṣeun fún mẹ́jọ. Má lọ, olólùfẹ́ mi. Jẹ́ ká fẹ́ra wa."

Ó gbàgbé pé ogójì ahunṣọ ló wà nínú gbọ̀ngàn náà.

Alága dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Àwọn tó wà níwájú yí àga padà. Obìnrin kan gbé ife tíì sílẹ̀, ó ń nu ojú. Ẹnì kan tó ń ta dráfù lẹ́yìn fi ètè sọ pé, "Ó tó àsìkò, ọ̀gbẹ́ni," gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Apòògùn nìkan ni ọ̀rọ̀ kò yé. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ọ̀gá apòògùn," ni Alága wí, "èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹ bi ìyá yín."

Ìyá Olówùú kò gbé ojú kúrò lára ọkùnrin náà. "Ọmọ mi kò gbọ́ èdè ètè," ló wí. "Sọ ọ́ síta."

Ní gbogbo ayé Baba Keje, ohun tó le jù tó ṣe nìyẹn. Ó sọ ọ́ síta látòkè délẹ̀, ó fi ti ọsibítù kún un, ó sì fi ọdún méjìlélógún tó fi ṣe òmùgọ̀ kún un pẹ̀lú. Nígbà tó parí, apòògùn dìde.

"Bàbá, bí ìyá mi bá tún ṣẹ̀ yín lọ́la, ọdún mélòó lẹ máa fi bínú?"

Baba Keje rò ó. "Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta," ló wí. "Mi ò lè parọ́ fún ọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n inú ilé tí a jọ ń gbé ni màá ti máa bínú, màá sì máa po tíì wọn bí mo ṣe ń bínú lọ."

Apòògùn wo ìyá rẹ̀, ó rí bí ojú rẹ̀ ti ń tàn bí ojú ọmọge. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó sì gbé àpò ìrìnàjò kúrò lórí ẹsẹ̀.

Ìyá Olówùú rìn wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn èèyàn ń yà fún un. Ó gba ìrọ̀rí rẹ̀. Ó wo ẹ̀wù ọkùnrin náà láti ọrùn dé ìdí, bó ṣe máa ń wo aṣọ lórí tábìlì, ó sì yọ òwú pupa kan nínú àpò ọwọ́ rẹ̀. Ó so ó mọ́ etí apá ẹ̀wù náà, ó ta á ní kókó méjì.

"Ó pé méjìlá," ló wí. "Ọ̀wọ́n mi, o mọ òfin."

Baba Keje mọ̀ ọ́n, kò sì jiyàn. Ó na apá fún un, àwọn méjèèjì sì gba ẹnu ọ̀nà jáde pọ̀, apòògùn gbé àpò tẹ̀lé wọn, ó ń béèrè ọ̀nà ilé Baba Keje.