Ẹ̀jẹ̀ Inú Itọ́ Àjàmú

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Sàfíátù bomi sínú búútà fún ọkọ rẹ̀ kó fi ṣe àlùwàlá, bó ṣe máa ń ṣe nínú àgbàlá wọn l'Ájégúnlẹ̀. Àjàmú fi omi yọ ẹnu, ó tu ú sílẹ̀, omi náà sì pupa. Àwọn àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ní ń bẹ nínú ká tó tu itọ́ funfun. Ti Àjàmú kò tilẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́ nínú, pupa ló ń tu.

Inú ààwẹ̀ lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti run pákò, èrìgì ìdí eyín rẹ̀ á ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù wá ń bà á pé bóun bá ṣèèṣì gbé ẹ̀jẹ̀ mì, ààwẹ̀ òun bàjẹ́ nìyẹn. Ó fi pákò sílẹ̀. Ààwẹ̀ parí, wọ́n kírun ọdún, baba kò padà sídìí pákò. Iyọ̀ ló ń fi há ìdí eyín lálaalẹ́, tí yóò sì máa gbé omi rẹ̀ mì.

"Bàbá Ummu, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù eyín," Sàfíátù wí. "Ààfáà ti ní bí ẹ bá ti tu ẹ̀jẹ̀ náà dànù, kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ààwẹ̀ gan-an sì ti lọ."

"Ìyá Ummu, ta lo rí tí èrìgì pa? Orí ló ń fọ́ mi, àìsùn ló fa ìyẹn."

Ó lọ sí Àpápá, ó wọnú tírélà rẹ̀ lórí ìlà tó ń wọ pọ́ọ̀tù. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi pe Sàfíátù. Wọ́n ní ó ṣubú bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu ti wọ́.

Ní ọsibítù, Dókítà Oghogho pe Sàfíátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀ yìí. Ṣé wọ́n máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn?"

"Wọn ò wọ̀n ọ́n rí."

"Mo wo ẹnu wọn. Èrìgì wọn ti ń jẹrà tipẹ́. Kòkòrò ibẹ̀ máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń da iṣan láàmú, iṣan á le, ẹ̀jẹ̀ á wá máa fi agbára kọjá. Mi ò sọ pé èrìgì nìkan ló fà á o, àmọ́ àìsàn méjèèjì máa ń rìn pọ̀. Iyọ̀ tí ẹ ní wọ́n ń gbé mì tún dá kún un."

"Ṣé wọ́n á sọ̀rọ̀ padà?"

"A ò tíì mọ̀, Màmá."

Àjàmú ti wà nílé báyìí. Wọ́n ti tọ́jú èrìgì rẹ̀, ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Ohun tó ń ba Sàfíátù lẹ́rù jù ni pé òun ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá ń gbálẹ̀ lẹ́yìnkùlé, á gbọ́ "Ìyá Ummu" ketekete. Á ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á sáré wọlé. Á bá ọkọ rẹ̀ lórí àga bó ṣe fi í sílẹ̀, tó ń wò ó. Á jókòó tì í, á sì sunkún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi iyọ̀ bò. Ẹ má torí ẹ̀jẹ̀ pa pákò tàbí búrọ́ṣì tì. Ẹ rọra máa fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì lọ rí dókítà eyín. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, bí ara yín tilẹ̀ le. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kó má sì dá a dúró nítorí pé ẹnu ti mọ́. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ ṣì lè fi ẹnu ara yín sọ ibi tó ń dùn yín.