Òtílí Tí Wọ́n Gé Mọ́lẹ̀

"Sí orúnkún ni kí o gé àwọn igi òtílí náà o," ni ìyá wí lórí àga tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán lé. "Orúnkún tèmi ni mo ń wí, kì í ṣe tìẹ."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Atawéwé ni gbogbo ilé ń pè é, torí ó kúrú, ẹnu rẹ̀ sì ta. Ìyá ní tirẹ̀ ga débi pé orúnkún rẹ̀ bá ọmọ náà ní agbedeméjì itan.

Bí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀ yìí, obìnrin náà ò ní rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ọ̀hún. Ó fẹ́ràn òtílí ju ohunkóhun tó ń gbìn lọ, kò sì jẹ̀bi. Lórí ilẹ̀ líle tí àgbàdo ti ń gbẹ kó tó yọmọ, ẹ̀wà òtílí a dúró digbí, a sì máa tutù yọ̀yọ̀ nínú oòrùn. Gbòǹgbò rẹ̀ a wá omi lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ewé rẹ̀ tó bá já bọ́ a sì di ọ̀rá ilẹ̀. Bí wọ́n bá ká a tán, tí wọ́n gé igi rẹ̀ bó ṣe yẹ, a tún rú, a tún so. Ìkórè kejì yẹn ni ilé wọn ń jẹ nígbà tí oko àwọn yòókù bá ti di eruku.

Atawéwé mú àdá lọ sóko. Ó ń fi itan ara rẹ̀ wọn igi kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gé e dáadáa. Ó ti ṣe tó ìdajì oko nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, ìyẹn ọmọ onígbàjámọ̀.

"Àánú wọn ló ń ṣe ọ́ ni?" ni ọ̀rẹ́ náà wí. "Bàbá mi ò lè fá orí oníbàárà kó fi ìdajì irun sílẹ̀. Gé e mọ́lẹ̀, jàre. Ìsàlẹ̀ ló nípọn, òun sì ni oníbúrẹ́dì ń rà fún ààrò rẹ̀. Bó bá rà á lónìí, a ó rí owó san, àwa náà á bá wọn lọ sí ìrìn-àjò kíláàsì lọ́la."

"Màámi ní sí orúnkún."

"Ṣé ìwọ ò ní orúnkún ni?"

Ọ̀rọ̀ náà pa Atawéwé lẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó tàn án. Ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí dájú. Síbẹ̀ ó tẹ̀ ba, ó sì gé ìdajì tó kù mọ́lẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, orúnkún ti di ọrùn ẹsẹ̀, oníbúrẹ́dì sì ti san owó igi.

Ìrìn-àjò náà dùn, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n láìpẹ́, ìdajì oko yọ ewé tuntun, ìdajì kejì ò yọ nǹkan kan. Atawéwé pọn omi síbẹ̀ títí, pàbó ló já sí. Àwọn kùkùté náà ti kú.

"Òtílí mi ńkọ́?" ni ìyá bi í lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Ìdajì ti rú, mà. Ìdajì kejì gbẹ. Ó jọ pé ikán ni."

Ojú ìyá rọ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ̀bi mi ni. Ǹ bá ti da eérú sídìí wọn bí mo bá lè rìn. Ikán tó ti jẹ ìdajì ò ní fi ìyókù sílẹ̀. Kí bọ̀ọ̀dá rẹ, àbúrò mi, bá wa fa gbogbo rẹ̀ tu lọ́la."

Atawéwé ò lè sùn. Ní òwúrọ̀, àbúrò ìyá rẹ̀ gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó ti fẹ́ jáde. Ọmọ náà lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má lọ, bọ̀ọ̀dá. Kò sí ikán lóko. Màámi, èmi ni ikán yẹn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sọ ti oníbúrẹ́dì, ó sọ ti ìrìn-àjò.

"Orúnkún ta lo wá lò?" ni ìyá bi í.

"Kò tiẹ̀ dé orúnkún, mà. Ọrùn ẹsẹ̀ ni."

Àbúrò ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Ó dùn mí," ló wí. "Oúnjẹ wa lo gé tà. Àmọ́ o ò jẹ́ kí wọ́n tu èyí tó kù. Àbúrò mi, sọ ọkọ́ kalẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le. Oúnjẹ ò tó, Atawéwé sì mọ ẹni tó fà á nígbàkígbà tí inú rẹ̀ bá kùn ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìdajì òtílí tó ṣẹ́kù so débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ ìyá san, ó rọra rìn dé oko, ó fọwọ́ kan àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ìwọ lo pa tọ̀hún," ló wí fún ọmọ rẹ̀, "ìwọ náà lo gba tibí là."

Atawéwé mọ̀ pé òótọ́ ni. Àìgbọràn rẹ̀ ló pa ìdajì oko; díẹ̀ ló kù kí irọ́ rẹ̀ pa ìyókù.