Ìyàwó Munir Ń Díje Kẹ̀kẹ́

Díẹ̀ ló kù kí bíréèkì ba ìfẹ́ Munir jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Wẹ́dà ni Munir, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì ní Ọ̀kà, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè. Ọmọbìnrin kan láti Ìkàrẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ wá, ó ní kó bá òun jó irin ìjókòó rẹ̀ tó ti là. Nígbà tó padà wá gbé e, Munir ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àǹtí, mo rí i pé kẹ̀kẹ́ yín ò ní bíréèkì. Mo ti bá yín fi kan sí i. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọmọbìnrin náà wo kẹ̀kẹ́, ó wo Munir, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ti pa mí, Bọ̀dá! Kẹ̀kẹ́ ìdíje nìyí. Bí mo bá tẹ bíréèkì lójijì nínú pápá, gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa kọ lù mí."

"Báwo lẹ wá ṣe ń dúró?"

"Ẹsẹ̀ la fi ń dín eré rẹ̀ kù, díẹ̀díẹ̀."

Munir tú bíréèkì náà kúrò, ojú ń tì í. Habeebat lorúkọ ọmọbìnrin náà. Kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ń gùn ún fún. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára kẹ̀kẹ́ náà, Ọ̀kà ló ń gbé e wá, bí ẹni pé wẹ́dà ti tán ní Ìkàrẹ́. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe náà ń wá. Kò pẹ́ tí Munir fi ń pè é ní "Àbẹ̀kẹ́ mi."

Àsàmáù, ìyá Munir, fẹ́ràn ọmọ náà. Kẹ̀kẹ́ ni kò fẹ́ràn. Opó ni, Munir nìkan ló sì bí. Ó gbà ṣá, òun àti Alhaji Badmus, bàbá Habeebat, mú Sátidé kan fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àfi bí kóòṣì Habeebat ṣe pè láti Àbújá: Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n máa fi eré kẹ̀kẹ́ mú obìnrin méjì tó máa lọ díje lókè òkun.

"Bí kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà," Àsàmáù wí, "kó máa fẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ."

"Mi ò lọ mọ́," Habeebat sọ fún Munir. "Ìwọ ni mo fẹ́."

Ó yẹ kí inú Munir dùn. Kò dùn rárá. Ó ń wò ó bó ṣe rọra ń nu kẹ̀kẹ́ náà, bí ẹni tó fẹ́ fi í fún ẹlòmíràn. Nírọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún ọjọ́ síwájú."

"Bó bá lọ tí kò padà ńkọ́, Àkànní? Àwọn tó ti lọ sókè òkun, mélòó ló rántí Ọ̀kà?"

"Ẹ̀rù yẹn ń ba èmi náà. Ó ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá dúró nítorí mi, ojoojúmọ́ ni màá máa rí i lójú ẹ̀ pé èmi ni mo dí i lọ́nà. Mi ò ní lè fara da ìyẹn, Màámi."

Àsàmáù dìde, ó wọ yàrá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó pè é láti ilé ìdáná.

"Mọ́tò Àbújá, ṣé Ìkàrẹ́ la ti ń wọ̀ ọ́?"

"Ta ló ń lọ, Màámi?"

"Èmi àtìwọ ni. Alhaji ti gbà ká sún un. Sọ fún ọmọ yẹn kó máa múra. Kí àwọn tó fẹ́ gbé e lọ mọ̀ pé ó níbi tó ti wá."

Ní Àbújá lọ́jọ́ Sátidé náà, etí pápá eré kẹ̀kẹ́ ga bí etí àwo. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin tó ń díje fi kẹ̀kẹ́ sáré gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí, Àsàmáù di apá Munir mú.

"Èwo ni ìyàwó mi nínú wọn?"

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Munir nàka sí i.

"Ẹni kẹta yẹn, Màámi."

"Ẹni kẹta kẹ̀? Kí ló ń ṣe lẹ́yìn níbẹ̀?" Ó dìde, ó ká ìborùn rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń jù ú sókè. "Habeebat! Gùn ún! Gùn ún lọ, ọmọ mi!"

Níbi tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, Habeebat yà sí òkè, ó tẹra mọ́ ọn, ó kọjá ẹnì kan. Ipò kejì ló ṣe. Wọ́n mú un. Munir ń sunkún, kò sì mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí àárò tó ti ń bọ̀.

Habeebat sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, kò tíì lè mí dáadáa. Bó ṣe rí ìyá Munir, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún sílẹ̀ láti kí i.

Àsàmáù sáré gbá a mú, ó gbé e dúró.

"Má kúnlẹ̀ o, ìyàwó mi. Ẹsẹ̀ yìí ti ṣiṣẹ́ tó lónìí."